Àwòrán ń sá kiri nínú ìwé ètò ìsìnkú tí mò ń fi Word ṣe, ẹ gbà mí o

Ọmọ_Ọjàaba · Ọjọ́ Ajé, 9:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Màmá wa àgbà ti papòdà, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la ó sin wọ́n ní ilé wa l'Ọ́jàaba. Èmi ni wọ́n gbé ìwé ètò ìsìnkú lé lọ́wọ́, torí wọ́n ní èmi ni mo mọ kọ̀ǹpútà nínú ẹbí. Word ni mo ń lò, A5 ni mo fi ìwọ̀n ìwé sí, ojú ewé 16 ni wọ́n fẹ́. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò le: orin, ẹsẹ Bíbélì, ìtàn ìgbésí ayé wọn, ọ̀rọ̀ ìdágbére àwọn ọmọ àti ọmọ ọmọ. Àwòrán ló fẹ́ pa mí.

Mo máa to fọ́tò sí ibi tó yẹ, á gún régé. Kí n wá fi ìlà kan péré kún ọ̀rọ̀ bùrọ̀dá wa tó wà lókè, gbogbo fọ́tò ìsàlẹ̀ á ṣí nípò. Ọ̀kan á lọ jókòó sórí orin, òmíràn á bọ́ sí ojú ewé tó tẹ̀ lé e, méjì á gun ara wọn. Èyí tó tún yà mí lẹ́nu jù ni fọ́tò tí Màmá ti gbé àwọn ìbejì dání. Mo fi í sínú ìwé, ẹsẹ̀ wọn nìkan ni mo rí! Ìyókù wọlé, mi ò mọ ibi tó gbà.

Àwọn àgbà ẹbí ń pè mí ṣáá. Ẹ bá mi dá sí i.

Àdùnní_Bódìjà · 9:20 alẹ́

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Màmá. Kí ọjọ́ ó jìnnà síra wọn.

Ẹ tẹ fọ́tò náà, àmì kékeré kan á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lókè, Layout Options nìyẹn. Ẹ yan In Line with Text. Kò ní sá mọ́.

Tíṣà_Kọ̀ǹpútà · 9:47 alẹ́

Òótọ́ ni Àǹtí Àdùnní sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀, torí ẹni tí kò bá mọ ìdí rẹ̀, kó tó dé ojú ewé kẹrin wàhálà náà á tún bá a níbẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni Word gbà ń gbé àwòrán. Nínú ti àkọ́kọ́, ó ń kà á sí lẹ́tà kan láàárín ọ̀rọ̀, ó kàn jẹ́ pé lẹ́tà tó tóbi ni. Ọ̀rọ̀ sún, òun náà sún. Ẹ tẹ Enter, ó sọ̀ kalẹ̀. In Line with Text nìyẹn, bẹ́ẹ̀ sì ni Word fúnra rẹ̀ máa ń gbé e kalẹ̀ bí ẹ bá gba Insert, Pictures wọlé láì fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Nínú ọ̀nà kejì, àwòrán ń léfòó lórí ojú ewé. Square àti Tight ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yí i ká, Top and Bottom ń lé ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Behind Text ń tì í sẹ́yìn ọ̀rọ̀, In Front of Text ń gbé e bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ó dá mi lójú pé nígbà tí ẹ ń wá bí ẹ ó ṣe fi máòsì wọ́ fọ́tò lọ síbi tó wù yín, ẹ ti yan ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí.

Àwòrán tó ń léfòó yìí ní ibi tí wọ́n so ó mọ́. Ẹ tẹ bọ́tìnnì ¶ tó wà lábẹ́ Home, kí ẹ wá tẹ fọ́tò kan, ẹ ó rí ìdákọ̀ró kékeré létí ìpínrọ̀ kan. Ìpínrọ̀ yẹn ló ni ín. Ibi tí ìpínrọ̀ bá lọ, fọ́tò á bá a lọ. Ẹ fi ìlà kan kún ọ̀rọ̀ bùrọ̀dá yín, ìpínrọ̀ ìsàlẹ̀ sọdá sí ojú ewé kejì, fọ́tò náà sọdá. Bí ẹ bá sì pa ìpínrọ̀ yẹn rẹ́ látòkè délẹ̀, fọ́tò náà á bá a rẹ́. Èyí ló ń jẹ́ kí àwọn èèyàn máa pariwo pé Word gbé fọ́tò àwọn mì.

Ní ti fọ́tò tí ẹ rí ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan, ẹ lọ wo Line Spacing ìlà tó wà lórí rẹ̀. Exactly ni ẹ ó bá níbẹ̀. Exactly túmọ̀ sí pé kí ìlà má ga ju iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ lọ, bíi 12 pt, kódà kí fọ́tò tó wà nínú rẹ̀ ga tó Cocoa House. Ẹ fi kọ́sọ̀ sórí ìlà yẹn, ẹ di Ctrl mú, kí ẹ tẹ 1. Màmá á yọ sóde látòkè délẹ̀.

Jagun_Òkèàdó · 10:05 alẹ́

Èmi ò fara mọ́ In Line yẹn. Ìwé ètò ìsìnkú kọ́ ni lẹ́tà ìwáṣẹ́. Àwọn èèyàn fẹ́ rí fọ́tò lápá òsì, kí ọ̀rọ̀ yí i ká bó ṣe ń rí nínú ìwé ìròyìn. In Line ò lè ṣe ìyẹn láéláé.

Square ni kí ẹ lò. Lẹ́yìn náà ẹ wọ Layout Options, ẹ tẹ See more, ẹ lọ sí Position, kí ẹ fi àmì sí Lock anchor. A ti dè é mọ́lẹ̀ nìyẹn, kò ní mira mọ́.

Akọ̀wé_Mọ́níyà · 10:31 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Jagun, ẹ ṣe sùúrù. Lock anchor kì í de fọ́tò mọ́ ojú ewé. Ìdákọ̀ró ló ń dè mọ́ ìpínrọ̀, kí ó má baà ṣí lọ sí ìpínrọ̀ mìíràn nígbà tí ẹ bá ń wọ́ fọ́tò kiri. Bí ìpínrọ̀ bá sọdá, fọ́tò á sọdá.

Ó jọ pé Fix position on page ni ẹ ní lọ́kàn. Òun náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ó ń fi fọ́tò sí igun kan náà lórí ojú ewé, ṣùgbọ́n ojú ewé tí ìpínrọ̀ rẹ̀ bá wà ni. Kí ìpínrọ̀ bọ́ láti ojú ewé 5 sí 6, igun kan náà ni ẹ ó ti bá fọ́tò ní ojú ewé 6.

Èyí tí à ń lò níbi iṣẹ́ wa ni tábìlì, ìwé ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni a máa ń fi ṣe. Insert, Table, òpó méjì, ẹsẹ̀ kan. Fọ́tò wọ òpó òsì ní In Line with Text, ọ̀rọ̀ ìdágbére wọ òpó ọ̀tún. Ẹ yan No Border kí ìlà rẹ̀ má hàn. Ohun méjì ni ẹ kò gbọ́dọ̀ fò. Ní Table Properties, lábẹ́ Options, ẹ yọ àmì kúrò lára Automatically resize to fit contents, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, fọ́tò ńlá á ti òpó kejì dànù. Lábẹ́ Row, ẹ yọ àmì kúrò lára Allow row to break across pages, kí ọ̀rọ̀ ẹnì kan má pín sí ojú ewé méjì. Bí ẹ bá ṣe ìyẹn tán, ẹ lè kọ ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀ bó ṣe wù yín, fọ́tò kò ní kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ni ín.

Ẹ tún ṣọ́ra fún Link to File nígbà tí ẹ bá ń mú fọ́tò wọlé. Insert lásán ni kí ẹ yan. Bí ẹ bá yan Link, fọ́tò kò sí nínú ìwé yín rárá, kọ̀ǹpútà yín ló ṣì wà. Ẹ gbé fáìlì dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé, àmì pupa ni ẹ ó rí níbi tó yẹ kí ojú Màmá wà.

Jagun_Òkèàdó · 10:44 alẹ́

Tábìlì náà dáa, àmọ́ ọ̀rọ̀ kì í yí fọ́tò po nínú rẹ̀. Òpó méjì tó dúró gbagidi ni. Bí ọ̀rọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan bá bẹ̀rẹ̀ lójú ewé tirẹ̀, tí a fi Ctrl àti Enter já a síbẹ̀, tí a sì wá wọ́ ìdákọ̀ró fọ́tò lọ sídìí àkọlé ojú ewé yẹn, kí ni yóò mú àkọlé sọdá? Ìsàlẹ̀ àkọlé ni ọ̀rọ̀ ti ń gùn. Mo ṣì dúró lórí Square mi.

Akọ̀wé_Mọ́níyà · 10:50 alẹ́

Bí ìdákọ̀ró bá wà lára àkọlé, tí Ctrl+Enter sì ṣáájú rẹ̀, mo gbà fún yín pátápátá. Èyí tí mi ò gbà ni kí èèyàn fi Lock anchor nìkan sílẹ̀ kó lọ sùn.

Atẹ̀wé_Mọ́kọ́lá · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:38 àárọ̀

Ọmọ mi, kú àṣẹ̀yìndè. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo fi ń jẹun, mo sì ti tẹ irú ìwé yìí fún ọ̀pọ̀ ẹbí nílùú Ìbàdàn. Bí àwòrán yóò ṣe jókòó ni àwọn ará ibí ń bá ọ sọ. Èmi fẹ́ bi ọ́ ní ti àwòrán fúnra rẹ̀: níbo lo ti kó wọn jọ?

Bó bá jẹ́ pé orí WhatsApp ni ẹbí ti fi í ránṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń fi fọ́tò ránṣẹ́ lójoojúmọ́, a ti fún un kéré kó tó dé ọwọ́ rẹ. Lójú fóònù á máa dán, lórí ìwé á rí bàìbàì. Sọ fún wọn kí wọ́n tún un fi ránṣẹ́: kí wọ́n tẹ ibi tí wọ́n fi ń so nǹkan mọ́ ọ̀rọ̀, kí wọ́n yan Document, kí wọ́n mú fọ́tò náà níbẹ̀. Bó ṣe wà lọ́wọ́ wọn ni yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Ìṣirò rẹ̀ rèé, fi í sọ́wọ́. Ohun tí a fẹ́ tẹ̀ kó mọ́ ń fẹ́ píksẹ́lì 300 nínú íǹṣì kan; píksẹ́lì ni àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di fọ́tò. A5 jẹ́ mìlímítà 148 ní ìbú, 210 ní gíga. Nítorí náà fọ́tò tí yóò gba gbogbo iwájú ìwé gbọ́dọ̀ tó píksẹ́lì 1,748 sí 2,480. Èyí tí yóò gba ìbú ọ̀rọ̀ nìkan, bí o bá fi sẹ̀ǹtímítà 1.5 sílẹ̀ létí ọ̀tún àti òsì, nǹkan bí 1,400 ti tó o ní ìbú. Fọ́tò kékeré ẹgbẹ́ ọ̀rọ̀ ìdágbére, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 4, 500 péré ti pọ̀ fún un. Fọwọ́ ọ̀tún máòsì tẹ fáìlì fọ́tò, wo Properties, lábẹ́ Details wàá rí iye píksẹ́lì tó ní.

Wàyí o, àwọn ìyá wa tó ti dàgbà, fọ́tò pélébé àtijọ́ kan ni ó sábà máa ń dára jù nínú tiwọn, èyí tí wọ́n yà fún ìwé ìrìnnà tàbí káàdì. Mìlímítà 35 sí 45. Gbogbo ẹbí á ní ìyẹn ni kó wà níwájú ìwé. Má fi fóònù yà á nínú férémù, gíláàsì á dán sí i, ojú rẹ á sì hàn nínú gíláàsì. Yọ ọ́ jáde, gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe scan, sọ fún wọn pé 1200 dpi lo fẹ́, ìyẹn píksẹ́lì 1200 nínú íǹṣì kan. Wọn á fẹ́ fi 300 ṣe é fún ọ torí ó yá. Ní 300, píksẹ́lì 413 sí 531 péré lo máa gbé lọ sílé. Ní 1200, ó di 1,654 sí 2,126, kò jìnnà sí ohun tí gbogbo iwájú ìwé ń fẹ́, ó ṣeé gbé síbẹ̀. Bí ó bá ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, Word lè ràn ọ́ lọ́wọ́: Picture Format, Color, kí o yan Grayscale, kí o wá fi Corrections mú un mọ́lẹ̀ díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí.

Má sì fa fọ́tò kékeré fẹ̀ nínú Word kí o rò pé o ti sọ ọ́ di ńlá. Àwọn píksẹ́lì tó wà níbẹ̀ náà ló ń nà. Bí o bá fẹ́ fà á, igun rẹ̀ ni kí o ti fà á, kì í ṣe àárín ẹ̀gbẹ́. Ẹni tó bá ti ẹ̀gbẹ́ fà á, ẹ̀rẹ̀kẹ́ olóògbé á fẹ̀, ẹbí á wá máa bi atẹ̀wé pé ta nìyí.

Bó bá jẹ́ tèmi ni ṣá, CorelDRAW, ètò kọ̀ǹpútà tí à ń fi ya àwòrán tí a sì fi ń to ìwé, ni kí wọ́n fi ṣe gbogbo rẹ̀. Lẹ́tà ni wọ́n ṣe Word fún.

Àdùnní_Bódìjà · 7:15 àárọ̀

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ kọ́ CorelDRAW láàárín ọ̀sẹ̀ kan tí àlejò ti ń dé? Word ni mo fi ṣe ti ìyá ọkọ mi, kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí a fi ṣe é.

Gbénró_Sángo · 7:22 àárọ̀

Publisher, ètò ìtòwé ti Microsoft, ńkọ́? Wọ́n ṣe é fún irú iṣẹ́ yìí gan-an.

Tíṣà_Kọ̀ǹpútà · 7:40 àárọ̀

Ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n lò tẹ́lẹ̀ lè fi parí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Microsoft ti kéde pé oṣù kẹwàá ọdún 2026 ni àtìlẹ́yìn àwọn fún Publisher máa dópin. Fáìlì tí ẹ bá fi ṣe, ibo ni ẹ ó ti ṣí i bó bá di ọdún ìrántí?

Ọmọ_Ọjàaba · 1:03 ọ̀sán

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ctrl àti 1 yẹn, ìṣẹ́jú kan ni, Màmá àti àwọn ìbejì yọ síta! Exactly ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, ara ọ̀rọ̀ tí mo kó látinú ìwé ètò ẹbí mìíràn ló ti bá a wá. Mo ti fi tábìlì to ọ̀rọ̀ ìdágbére, mo sì fi Square sí ìtàn ìgbésí ayé pẹ̀lú ìdákọ̀ró lára àkọlé. Bàbá Atẹ̀wé, mo ti ní kí wọ́n tún fọ́tò fi ránṣẹ́ bíi Document. Àwọn tó wà lókè òkun ti ṣe é, àwọn ará ilé ló ń bi mí pé kí ló ṣe èyí tí àwọn kọ́kọ́ fi ránṣẹ́.

Wàhálà tuntun ti dé. Fáìlì náà ti di MB 118. Ẹni tó fẹ́ bá wa tẹ̀ ẹ́ ní kí n fi í-meèlì ránṣẹ́, kò lọ.

Ìyá_Ìbejì_Apẹtẹ · 1:30 ọ̀sán

Ìyẹn ò le. Tẹ fọ́tò kan, Picture Format, Compress Pictures. Yọ àmì kúrò lára Apply only to this picture kó lè kan gbogbo wọn. Yan E-mail, 96 ppi (iye píksẹ́lì nínú íǹṣì kan). OK. Á fúyẹ́ wẹ́rẹ́.

Atẹ̀wé_Mọ́kọ́lá · 1:34 ọ̀sán

Háà! Ìyá Ìbejì, ẹ má bà á jẹ́ fún ọmọ ọlọ́mọ. 96 jẹ́ ti ojú kọ̀ǹpútà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé kí ẹ wá wò ó. Bí ẹ bá sì fi save lé e, tí ẹ ti pa á dé, ohun tí ó gé sọnù kò ní padà wá.

Ìyá_Ìbejì_Apẹtẹ · 1:41 ọ̀sán

Bàbá, kì í ṣe gbogbo ìwé ló ń lọ sí ọ̀dọ̀ atẹ̀wé ńlá. Ti ẹgbẹ́ wa, orí gúrúùpù la fi ránṣẹ́ sí, fóònù ni gbogbo wọn fi kà á. 96 tó wọn.

Tíṣà_Kọ̀ǹpútà · 2:10 ọ̀sán

Ohun tí ẹ fẹ́ fi fáìlì ṣe ló yàtọ̀ síra. Ẹ ṣe ẹ̀dà méjì: èyí tó ń lọ sórí gúrúùpù, 96 tàbí 150 dára fún un, èyí tó ń lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé, kí ẹ má sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ju 220, 330 ló sì dára jù.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Word lè máa fún fọ́tò yín kéré fúnra rẹ̀ nígbàkígbà tí ẹ bá ṣe save, láì bi yín. Ẹ wọ File, Options, Advanced, ẹ sọ̀ kalẹ̀ dé Image Size and Quality. Ẹ fi àmì sí Do not compress images in file. Fáìlì tí ẹ ń ṣiṣẹ́ lé lórí ni àmì náà ń bá wí, torí náà ẹ ṣe é kí ẹ tó kó fọ́tò wọlé. Bí fọ́tò ti wọlé, tí Word sì ti fún un, ẹ ní láti mú òjúlówó rẹ̀ wá. Ẹ má pa èyí tó wà níbẹ̀ rẹ́ o: ẹ fọwọ́ ọ̀tún máòsì tẹ̀ ẹ́, ẹ yan Change Picture. Tuntun á bọ́ sí àyè àtijọ́, ẹ ò sì ní tún ètò tò.

Ní ti í-meèlì, Gmail kì í gba ohun tó bá ju MB 25 lọ. Ẹ gbé e sórí Google Drive kí ẹ fi líǹkì ránṣẹ́, tàbí kí ẹ fi í ránṣẹ́ bíi Document lórí WhatsApp, ó ń gbé fáìlì tó tóbi ju ìyẹn lọ dáadáa. Ẹ tún lè fi ẹsẹ̀ yín gbé fláàṣì lọ, Ìbàdàn kan náà la wà.

Ọmọ_Agbowó · 3:26 ọ̀sán

Ẹ jẹ́ kí n ju tèmi sí i, torí iwájú kọ̀ǹpútà ni mo máa ń wà láàárọ̀ dalẹ́, iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni mò ń tò.

Bí ẹ bá fi Crop gé ẹnì kan kúrò nínú fọ́tò, ẹni náà kò tíì lọ o! Word kàn fi í pamọ́ ni. Ẹnikẹ́ni tó bá gba fáìlì Word yín lè tẹ Crop, kó fa etí rẹ̀ padà, ẹni tí ẹ gé á tún dúró síbẹ̀. Ẹbí kan gé ìyàwó tó ti kọ ọkọ sílẹ̀ kúrò nínú fọ́tò àjọyà, wọ́n wá fi fáìlì sórí gúrúùpù kí gbogbo ilé bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fi ìyókù rò ó. Inú Compress Pictures yẹn náà ni Delete cropped areas of pictures wà. Ẹ fi àmì sí i, iye ppi tó wù kí ẹ yàn. Ó ń mú kí fáìlì fúyẹ́ pẹ̀lú.

Èkejì: àwọn àgbà fẹ́ràn láti máa kó fọ́tò sínú Word kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Ẹ má copy rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì náà, ẹ yí .docx ìparí orúkọ rẹ̀ sí .zip, ẹ ṣí i, ẹ wọ fódà word, ẹ wọ media. Gbogbo fọ́tò á tò sílẹ̀ fún yín níbẹ̀.

Tíṣà_Kọ̀ǹpútà · 3:40 ọ̀sán

Ó dáa gan-an. Kí n kàn fi kún un pé .doc àtijọ́ kò ní gbà fún un, èyí tó ti wà ṣáájú Office 2007. Ẹ kọ́kọ́ ṣí i, kí ẹ Save As sí .docx. Bí ìparí orúkọ fáìlì kò bá sì hàn lójú Windows yín, View ni ẹ ó ti rí File name extensions.

Gbénró_Sángo · 5:02 ìrọ̀lẹ́

Ẹ má gbàgbé pé ìwé àkápọ̀ ni. Ẹ wọ Layout, Margins, Custom Margins, níbi Multiple pages ẹ yan Book fold. Word á to ojú ewé 16 sẹ́gbẹ̀ẹ́ 1, 2 sẹ́gbẹ̀ẹ́ 15, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, orí A4 tí ẹ ó ká sí méjì.

Atẹ̀wé_Mọ́kọ́lá · 7:55 alẹ́

Bó bá jẹ́ pé ilé lo ti fẹ́ tẹ̀ ẹ́ lórí ẹ̀rọ rẹ, tí o ń fẹ́ ẹ̀dà díẹ̀, ohun tí Gbénró sọ dára, kí o rántí pé ojú ewé gbọ́dọ̀ ṣeé pín sí mẹ́rin mẹ́rin. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ atẹ̀wé lò ń gbé e lọ, má ṣe Book fold rárá. Gbé e wá ní ojú ewé 1, 2, 3, bó ṣe tẹ̀ léra. Àwa náà ní bí a ṣe ń tò ó mọ́ra, ìwé tó bá ti tò ara rẹ̀ wá ń fún wa ní iṣẹ́ onílọ́po méjì.

PDF ni kí o gbé wá, má gbé Word wá. Fọ́ńtì tó wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ lè má sí lórí tiwa. Oríkì Màmá tí o fi àmì sí lórí sí lábẹ́ á wá di àpótí kéékèèké, ìlà á sì yí padà, àwòrán á tún bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Save As, PDF, yan Standard, má yan Minimum size. Ṣí PDF náà fúnra rẹ, fẹ̀ ẹ́ lójú, wo ojú ewé kọ̀ọ̀kan kí o tó gbé e wá.

Fọ́tò iwájú ìwé tí o fẹ́ kó kan etí láìsí funfun kankan, fi mìlímítà 3 kún un ní gbogbo ẹ̀gbẹ́ tí a ó gé sọnù. Ìyẹn ni pé ojú ewé yẹn á jẹ́ 154 sí 216. Ṣe èèpo ìwé ní fáìlì ọ̀tọ̀. Sì mọ̀ pé àwọ̀ á ṣókùnkùn díẹ̀ sí ti ojú kọ̀ǹpútà rẹ, aṣọ àlàárì Màmá kò ní tàn bí o ṣe ń wò ó yẹn.

Àṣàkẹ́_Olódó · 9:18 alẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní kọ̀ǹpútà. Ṣé ó ṣeé fi fóònù ṣe? WPS ló wà lórí tèmi.

Ọmọ_Agbowó · 9:25 alẹ́

Ó ṣeé ṣe. Tẹ fọ́tò, wàá rí ibi tí wọ́n ti ń yan bí ọ̀rọ̀ ṣe máa yí i ká. Ṣùgbọ́n fi ìka wọ́ fọ́tò 30 lórí fóònù, wàá sunkún. Kọ ọ̀rọ̀ lórí fóònù, kó fọ́tò sí fódà kan pẹ̀lú nọ́ńbà, kí o wá lọ parí ètò rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn.

Ọmọ_Ọjàaba · Ọjọ́rú, 10:11 àárọ̀

PDF ti jáde, MB 31, ó mọ́ kedere. Ó ku ẹyọ kan. Àǹtí wa àgbà ní òun ò fẹ́ ògiri tó wà lẹ́yìn Màmá nínú fọ́tò iwájú ìwé, kí n yọ ọ́. Mo tẹ Remove Background, ó yọ ògiri, ó sì yọ ìdajì gèlè mọ́ ọn.

Akọ̀wé_Mọ́níyà · 10:26 àárọ̀

Àwọ̀ gèlè àti ògiri ló jọra. Bí ẹ bá ti tẹ Remove Background, ẹ má tíì tẹ Keep Changes. Ẹ mú Mark Areas to Keep, ẹ fà á lórí gèlè láti etí kan dé ìkejì, á padà wá. Ibi tí ògiri bá ṣẹ́kù, Mark Areas to Remove. Ẹ sún ojú ewé mọ́ra dé 200% kí ẹ lè rí etí rẹ̀ dáadáa. Bí kò bá gbọ́, ẹ fi ògiri sílẹ̀, ẹ Crop rẹ̀ súnmọ́ èjìká.

Jagun_Òkèàdó · 10:33 àárọ̀

Kí ẹ sì fi PDF han Àǹtí àgbà kó tó kúrò nílé o. Wọn kì í bínú sí kọ̀ǹpútà, ẹ̀yin ni wọ́n máa bínú sí.